Mo Rí Akoto Rẹ̀ ní Sokodé

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yin káásìkì. Káásìkì ni orúkọ tí wọ́n ń pe akoto alùpùpù ní ilẹ̀ Tógò, ẹni tó bá sì ti gbé e sábẹ́ apá ti kúrò lára mẹ̀kúnnù. Adé ni. Ó tiẹ̀ ju adé lọ, torí adé a máa fẹ́ ìtẹ́, káásìkì ò fẹ́ nǹkan kan; kò fẹ́ alùpùpù pàápàá. Ẹni tó ń rìn lọ lọ́wọ́ òfo, ẹlẹ́sẹ̀ lásán ni. Ẹni tó ń rìn lọ tó gbé káásìkì lọ́wọ́, olówó tó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ láti na ẹsẹ̀ ni. Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan tí ọmọ aráyé fi ń gbé ara wọn ga: dígí dúdú, oyè, ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n gbé kọ́ sí pálọ̀. Kò sí èyí tó fúyẹ́ tó o, kò sì sí èyí tó ń sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìlanu.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, èdè Faransé ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, wọ́n sì ní ká lọ lo oṣù mélòó kan láàárín àwọn tó ń sọ ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi kọrí sí Lomé, létí òkun. Èmi, ilé-ẹ̀kọ́ èdè kékeré kan ní Sokodé ni wọ́n fi mí sí. Nígbà tí mo dárúkọ ìlú náà nílé wa ní Ìsẹ́yìn, wọ́n bi mí bóyá ó súnmọ́ Paris. Mo ní kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà.

Kambolé

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ti ń ra iṣu lápá ibẹ̀ rí, òun ló ní kí n yà kí Bàbá Àlàsàn ní Kambolé, pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Mo rò pé àwàdà ni. Mo ti la orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kọjá, mo ti ń fi Faransé inú ìwé tọrọ omi mu, àfi bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú eruku pupa tí bàbá àgbàlagbà kan tó gbé tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ sọ fún mi pé, "Ẹ kú ewu ọ̀nà." Ó kù díẹ̀ kí n sunkún.

Ọjọ́ méjì ni mo lò nílé Bàbá Àlàsàn, ọjọ́ méjèèjì la sì fi ṣàánú ara wa. Mo ṣàánú wọn pé Faransé ti ba Yorùbá wọn jẹ́; wọ́n ṣàánú mi pé Gẹ̀ẹ́sì ti ba tèmi jẹ́. Mo ní mo fẹ́ "ṣáàjì" fóònù mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n gbé e síbi tí wọ́n ti ń "ṣajé" tiwọn, èmi náà rẹ́rìn-ín.

"Yorùbá rẹ dùn," ni Bàbá wí. "Ó kàn ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé ni."

Àgbẹ̀ iṣu àti àgbàdo ni. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ẹní, kí o lè mọ̀ pé ibẹ̀ ni wàá jókòó. Lẹ́yìn ìrun Aláásárì ọjọ́ kejì, ó gbá ẹní fún mi.

"Ọmọ mi, Ràfíù ọmọ ibí ni yóò pàdé rẹ ní Sokodé. Ó fẹ́ fẹ́ Sàlámátù mi."

Sàlámátù wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ti dákẹ́.

"Ó ní òun ní mọ́tò," Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Nígbà ààwẹ̀, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọmọ yìí: mọ́tò pupa. Nígbà Iléyá: mọ́tò búlúù. Mọ́tò tó ń pa àwọ̀ dà bí agẹmọ! Mi ò bínú sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ fẹ́ ìyá ọmọ yìí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣeé jókòó lé. Ó ti ṣèlérí pé òun á wá fi mọ́tò náà gbé ọmọ yìí lọ sí Tchamba lọ́jọ́ tó máa ṣe ìdánwò ìránṣọ. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ṣẹ́. Bó bá pẹ́ dé lọ́jọ́ yẹn, ó tún di ọdún tó ń bọ̀. Ìwọ, àjèjì ni ọ́, o ò jẹ nínú ọ̀rọ̀ náà. Bá mi wo mọ́tò yẹn, kí n wá pè ọ́ lórí fóònù."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Mo gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí Ìsẹ́yìn ni mo fi gbọ́. Nílé wa, mọ́tò ni ọkọ̀ onítáyà mẹ́rin, èyí tí ènìyàn ń ṣílẹ̀kùn wọ̀. Pupa kan, búlúù kan! Ọkùnrin ní méjì, bàbá àgbàlagbà wá ń ráhùn nítorí àwọ̀.

Sàlámátù sìn mí dé ojú ọ̀nà láàárọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ohun tẹ́ ẹ bá rí gan-an ni kẹ́ ẹ sọ fún Bàbá o." Ó gbé páálí gàrí mi fún mi. "Kẹ́ ẹ ṣáà sọ ọ́ dáadáa."

Tchamba

Wọ́n ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi àpótí kan àti páálí gàrí mi sílẹ̀ ní Kambolé. Mo kọ̀. Ẹni tí mọ́tò méjì ń dúró dè kì í dín ẹrù kù.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa, mẹ́rin la jókòó síbi tí wọ́n ṣe fún mẹ́ta, àwọn méjì sì wà níwájú pẹ̀lú awakọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí jíà. Ní Tchamba, a sọ̀kalẹ̀ mu tíì. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn yẹn gbé fáìlì sábẹ́ apá kọjá níwájú wa lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ènìyàn sì ń kí i ní ọ̀gá. Lẹ́ẹ̀kẹta, afẹ́fẹ́ ṣí fáìlì náà. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó pa á dé, ó sì ń lọ. Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Ìyá kan tó gbé àgbàdo láti Kambolé ló bi mí pé, "Ta ni yóò pàdé rẹ pẹ̀lú gbogbo ẹrù yìí?"

"Ràfíù ni, Màmá. Á fi mọ́tò gbé mi."

Ó wo àpótí méjèèjì, ó wo páálí gàrí. "Lórí mọ́tò? Ìwọ wá fẹ́ jókòó síbo, lórí iná iwájú?"

"Nínú bùútù la máa kó ẹrù sí," ni mo wí, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí alátíì fi da omi gbígbóná nù. "Ẹ wá gbọ́! Ọmọ Nàìjíríà ní mọ́tò ní bùútù!" Ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀ sí Tem, èdè agbègbè náà, ẹlòmíì túmọ̀ rẹ̀ sí Haúsá, ó sì dùn mọ́ wọn ní èdè méjèèjì. Nígbà tó nu omi ojú rẹ̀ tán, ó là mí lọ́yẹ̀ pé, "Èyí tó ní táyà méjì, tó ń han bí ewúrẹ́, òun ni mọ́tò. Èyí tó nílẹ̀kùn, fuatúrù ni."

Alùpùpù! Báyìí ni mọ́tò méjì tí mo ti ń wọ̀ lọ́kàn láti Kambolé ṣe pàdánù táyà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kouloundè

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Ràfíù. Jíńsì tí wọ́n lọ̀ gúnrégé ló wọ̀, káásìkì dúdú wà lábẹ́ apá òsì rẹ̀, ó ń dán bí ìkòkò tuntun. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá sí ibùdókọ̀.

"Ìwọ ni Nàìjíríà?"

"Èmi ni. Mọ́tò ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ọmọ òun wà ní yunifásítì.

Mo ní ká pe zémì, ìyẹn àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò. Ó kọ̀ jálẹ̀. "Kí làwọn ènìyàn á wí? Onímọ́tò kì í gun mọ́tò ẹlòmíì." Ló bá dé káásìkì, ó gbé àpótí mi lé e, ó di òṣùká. Òṣùká tó ń dán kì í gbé ẹrù dúró. Àpótí já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí á tó dé Kouloundè, àdúgbò tí mo máa gbé. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tí káásìkì yẹn ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ obìnrin Tem kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Tantie ni mo wọ̀ sí. Ó ń ta oúnjẹ níwájú ilé. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi kó Faransé jọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dúró níwájú rẹ̀, mo sọ gbólóhùn gígùn kan tó ní "auriez-vous l'amabilité" nínú, bí ẹni tó ń bá ààfin sọ̀rọ̀. Ó ní sùúrù títí mo fi parí. Ó wá ní, "Tu manges ou bien?" Ṣé mo máa jẹun, àbí n kò ní jẹun. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré, òun ló sì fi ń bọ́ gbogbo àdúgbò.

Ó ní fufú ló wà. Mo ní rárá, torí láti kékeré ni òórùn fùfú ẹ̀gẹ́ ti lé mi jìnnà. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi jẹ búrẹ́dì, tí mò ń fi ojú àánú wo àwọn tó ń bu òkèlè. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo gbọ́ ìró odó, mo yọjú sẹ́yìnkùlé: iṣu ni wọ́n ń gún. Iyán ni wọ́n ń pè ní fufú! Iyán funfun báláú, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà tí wàrà díndín léfòó nínú rẹ̀. Mo jẹ ti ọjọ́ márùn-ún ní ìjókòó kan. Tantie wò mí, ó ní, "Ah. Donc tu manges." Àṣé mo máa ń jẹun.

Ní ti ìwà, àwọn ará Sokodé mọ èèyàn kí ju àwa lọ, mo sì mọ̀ pé ẹ kò ní gbà á. Wọ́n á kí ọ, wọ́n á kí ilé, wọ́n á kí ọ̀nà, wọ́n á kí àárẹ̀ tí o kò tíì rò pé ó ń rẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní Nàìjíríà ni mo ti wá, ẹni tó di ọwọ́ mi mú á rẹ́rìn-ín, á sì rọra ti fóònù rẹ̀ bọ àpò. Lẹ́yìn ìyẹn, á bi mí bóyá mo mọ àwọn òṣèré fíìmù wa. Mo máa ń ní mo mọ̀ wọ́n. Lójú tẹlifíṣọ̀n la ti mọra. Bí mo ṣe jẹ́ àjèjì nìyẹn: olè ni mí títí wọ́n á fi gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí títí wọ́n á fi gbọ́ Faransé mi.

Gbogbo ìgbà yẹn, mọ́tò Ràfíù ò kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, èkejì kọjá. Mo bi í bóyá mẹkáníìkì náà ń ṣe tuntun ni.

Komah

Ní Jímọ̀ kan, a jọ kírun ní Komah, àdúgbò mìíràn ní Sokodé. Nígbà tí a jáde, mo wo ìta mọ́ṣáláṣí: bàtà tò lọ bẹẹrẹbẹ, káásìkì tò lọ bẹẹrẹbẹ. Mo wá wo mọ́tò tó wà níbẹ̀. Kò tó ìdajì káásìkì. Àwọn olùfọkànsìn náà mú káásìkì wọn, wọ́n kí ara wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Ràfíù dágbére fún mi kíákíá. Mo tẹ̀lé e. Ó ya igun ọ̀nà méjì, ó wọ àgbàlá kan tí omi ọṣẹ ń ṣàn jáde láti inú rẹ̀. Ó fi káásìkì kọ́ ìṣó, ó ká ẹsẹ̀ jíńsì sókè, ó mú kànìnkànìn. Ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ni. Mọ́tò pupa wà níbẹ̀. Mọ́tò búlúù wà níbẹ̀. Aláwọ̀ ewé kan tí Bàbá Àlàsàn kò tíì rí náà wà níbẹ̀, ọṣẹ bò ó.

Ó gbójú sókè, ó rí mi. Kò sá. Ó da garawa dé, ó ní, "Jókòó."

"Mẹkáníìkì ọ̀hún rèé?"

"Má fi mí ṣẹ̀sín, Nàìjíríà."

"Èwo ni tìrẹ nínú wọn?"

"Gbogbo wọn," ni Ràfíù wí, "títí wọ́n á fi mọ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ òótọ́ fún wọn nílé?"

"Kí n sọ pé kí ni? Bí ènìyàn bá dé láti Sokodé, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bó bá ṣófo, wọ́n á ní Sokodé lé e. Káásìkì yìí ti là nínú, ọ̀gá mi fẹ́ sọ ọ́ nù ni mo gbà á. Ọjọ́ tí mo gbé e dé Kambolé, àwọn tó ń pè mí ní Ràfí bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ẹ̀gbọ́n Ràfíù. Mi ò tíì la ẹnu rárá."

"Sàlámátù ńkọ́?"

Kó tó dáhùn, fóònù mi dún. Bàbá Àlàsàn ni. Ràfíù rí orúkọ náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró sórí mọ́tò pupa.

"Ọmọ mi, ṣé àlàáfíà ni? Ṣé o ti rí mọ́tò náà?"

Ká ní Ràfíù bẹ̀ mí ni, ǹ bá ti sọ òtítọ́. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó fi orí gbé àpótí mi láti ibùdókọ̀.

"Bàbá," ni mo wí, "mo rí akoto rẹ̀."

"Akoto rẹ̀?"

"Káásìkì rẹ̀, Bàbá. Ó ń dán gan-an."

"Alihamudulilahi. Ẹni tó lè tọ́jú akoto báyẹn, mọ́tò rẹ̀ á máa dán ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti bá onízémì kan sọ̀rọ̀ nítorí ọjọ́ ìdánwò yẹn. Màá ní kó má wulẹ̀ wá mọ́."

Ọdún mẹ́ta ní yunifásítì, ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nìyẹn: bí a ṣe ń parọ́ láìparọ́.

"O ṣeun," ni Ràfíù wí. "Màá yá mọ́tò kan lọ́jọ́ náà."

Ẹni tó ni mọ́tò pupa gbà láti yá a. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ ìdánwò mọ́, ọkùnrin náà ti gun mọ́tò rẹ̀ lọ sí ọjà Koussountou; ó ní òun gbàgbé. Mo bá Ràfíù lẹ́nu àgbàlá tó ṣófo, ó dé káásìkì, ó so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n bí ẹni tó ti wà lójú ọ̀nà. Fóònù wà létí rẹ̀.

"Sàlámátù," ni mo gbọ́ tó ń wí, "mọ́tò wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì."

Sàlámátù pa fóònù rẹ̀, kò sì tan án fún wa mọ́.

Kambolé, lẹ́ẹ̀kejì

Nígbà tí oṣù mi pé, Ràfíù ní òun máa bá mi dé Kambolé. Ó gbé káásìkì dání. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní bí òun ò bá gbé e, òun ò mọ ibi tí òun máa fi ọwọ́ sí.

Bàbá Àlàsàn jókòó sórí ẹní. Kò gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ẹnì kankan nínú wa. Sàlámátù ló sọ̀rọ̀, ó ń kó òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́.

"Ẹni tó ń kó adìyẹ lọ tà ní Tchamba ló gbé mi. Mo jókòó sáàárín agbọ̀n méjì, mo gbé àlùmọ́gàjí mi lé itan. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti tìlẹ̀kùn. Ojú fèrèsé ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n. Àwọn tó kù ti gé aṣọ tán kí wọ́n tó ní kí n wọlé. Ìyẹ́ adìyẹ kún orí mi, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Mo rán án tán."

"O yege?" ni Ràfíù bi í.

"Mo yege. Kì í ṣe pẹ̀lú mọ́tò yín."

Bàbá kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? O ní o rí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, akoto ni mo ní mo rí."

Ó wò mí títí. "Ẹ gbọ́ ọmọ iléèwé," ló wí, bí ẹni tó ń dárúkọ àrùn.

Nígbà náà ni Ràfíù dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, mi ò ní mọ́tò. Mi ò ní in rí. Mọ́tò onímọ́tò ni mò ń fọ̀ ní Sokodé." Gbogbo oṣù tí a fi wà pọ̀, mi ò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe kúrú tó.

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ ìdánwò," ni Bàbá wí. "Agẹmọ ò pọ̀ tó yẹn ní Sokodé. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ. Fífọ mọ́tò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Iṣu ń bọ̀ wá wọlẹ̀. Kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ wá, kẹ́ ẹ ṣọ̀wẹ̀ fún mi, kẹ́ ẹ kọ ebè bí àna ṣe ń kọ ọ́. Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wá."

Ràfíù wo Sàlámátù. Sàlámátù gba káásìkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí inú rẹ̀ wò, ó rí ibi tó là. "Kó kọ ebè náà ná," ló wí fún bàbá rẹ̀, "kí n rí bó ṣe ga tó." Ó gbé káásìkì sídìí máńgòrò, ó ki koríko gbígbẹ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bu omi fún wa, ife Ràfíù ló sì kọ́kọ́ kún. Kí á tó mu omi náà tán, adìyẹ kan ti wọ inú káásìkì, ó ti jókòó.

Ìsẹ́yìn

Mo rẹ́rìn-ín adìyẹ yẹn dé Ìsẹ́yìn. Nígbà tí mo wọ àgbàlá wa, ìyá mi dì mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ló ń wò. Àwọn aládùúgbò náà ń wo ẹ̀yìn mi. Mo wo ọ̀tún àgbàlá: wọ́n ti wó ilé ewúrẹ́ ìyá mi, wọ́n ti da yanrìn síbẹ̀, wọ́n sì ti tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.

"Kí ló wó o, Màmá?"

"Ibi tí mọ́tò rẹ máa dúró sí ni."

Kò pẹ́ tí mo dé Sokodé ni mo fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí fóònù pé, "Màmá, ẹsẹ̀ mi kì í kan ilẹ̀ níbí o. Mọ́tò ló ń gbé mi lọ síléèwé, mọ́tò ló ń gbé mi bọ̀." Òótọ́ ni; àwọn onízémì ló ń gbé mi. Ìyá alágbàdo tó rẹ́rìn-ín mi ní Tchamba sì ti kọ́ mi ní ohun tí mọ́tò jẹ́ lọ́hùn-ún, mo sì mọ ohun tó jẹ́ nílé wa. Nígbà tó pè mí tó ní, "Mọ́tò? Tìrẹ?", mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, mo pa á. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára.

Ó ti ń ṣí àpótí mi. Ohun tó kọ́kọ́ fà jáde ni káásìkì pupa kan tí mo rà lọ́jà Sokodé ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, tí mo sì ń gbé sábẹ́ apá bí mo bá ti rìn jìnnà díẹ̀ sí ojú Ràfíù.

"Akoto?" ni ìyá mi wí. "Àṣé wọ́n máa ń dé akoto nínú mọ́tò lọ́hùn-ún?"

Àwọn aládùúgbò ń retí. Mo rántí gbólóhùn Ràfíù, bó ṣe kúrú tó. Mo la ẹnu láti sọ ọ́.

"Ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, Màmá."

Yanrìn yẹn ṣì ṣófo títí di òní, àwọn ewúrẹ́ ló ń sùn lórí rẹ̀ nínú òjò. Màmá, bẹ́ ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ilé wọn kọ́. Mi ò ní mọ́tò. Mi ò ní in rí. Akoto nìkan ni mo rà.